Ìlànà Láti Òkè, Olùkọ́ Nísàlẹ̀: Ètò Ẹ̀kọ́ Ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ògùn Waterside

Ní ọdún 1949, Molusi College bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Stephen Olúwọlé Awókòyà, ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú tí kò jìnnà síbẹ̀, ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni. Ní oṣù Keje 1952, ọkùnrin yìí kan náà ló dúró níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn n'Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bíi Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, tó gbé àbá kalẹ̀ pé kí ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́fà máa lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni gbogbo èèyàn ń dà mọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kò sì burú, nítorí òun ni olórí ìjọba náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ṣe ìṣirò ètò yìí ti fi ẹfun kọ̀wé sára pátákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó rí.

Èyí ló mú kí agbègbè yìí dára fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlànà ìjọba ṣe ń rìn láti ọ́fíìsì dé kíláàsì. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú. Ògùn Waterside, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Abígi, wà níbi tí ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn ti pàdé ọ̀sà àti òkun. Inú ìlú àkọ́kọ́ ni ẹni tó ṣe ìlànà ti jáde, ìlú kejì gba yunifásítì lọ́wọ́ ìlànà, apá kẹta sì wà níbi tí ìlànà ti máa ń rẹ̀ kó tó débẹ̀. Láti bí àádọ́rin ọdún, ọmọ ni ìjọba kọ́kọ́ máa ń kà, ilé ló tẹ̀lé e, olùkọ́ ló máa ń gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọmọ mọ̀ nígbà tó bá jáde, ọwọ́ olùkọ́ ló ti gbà á.

Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ 456,600 ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Kí ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ rí fojú inú wo kíláàsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì láàárín ọdún kan. A kì í fi ọdún kan sọ ènìyàn di olùkọ́. Ká sọ tòótọ́, ìjọba Awólọ́wọ̀ kò sùn: wọ́n ti ń ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ káàkiri kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta tí àwọn èèyàn ń pè ní mọ́dà sílẹ̀ fún àwọn tó parí ìwé mẹ́fà tí wọn kò rí ọ̀nà lọ sí girama. Síbẹ̀, iye ọmọ sáré ju iye olùkọ́ lọ. Àwọn tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan ni wọ́n kó síwájú kíláàsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ́dà sílẹ̀ lọ.

Owó ètò náà kò sì já láti ọ̀run. Ìjọba gbé owó orí tuntun kalẹ̀, ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú bí àwọn olówó-orí, Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, sì fìdí rẹmi nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954 ní ilé ara wọn: ẹgbẹ́ alátakò NCNC rí ìjókòó 23 gbà, Ọlọ́pẹ rí 18. Wọ́n ti jẹ ẹ́ níyà nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kí ọmọ kan tó jókòó nínú rẹ̀. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn olóṣèlú ìgbà tó tẹ̀lé e fi fẹ́ràn láti kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ju kí wọ́n sọ ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ Bánjọ dìde ní ìparí 1960 láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀sùn tí ará ìlú ń fi kan ilé-ìwé ti pọ̀: àwọn ọmọ ń gòkè láti kíláàsì dé kíláàsì láìjẹ́ pé wọ́n mọ ìwé kà dáadáa. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fi èyí sọ pé àṣìṣe ni ètò 1955 kò ṣe òtítọ́ sí ìtàn. Àìmọye ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ apẹja ni kì bá tí mọ orúkọ ara wọn kọ láìsí i. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà fi hàn ni pé ìlẹ̀kùn ti ṣí, kò sì tó olùkọ́ tí yóò gba àwọn tó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Molusi díẹ̀, nítorí ìtàn ibẹ̀ kò parí sọ́dọ̀ Awókòyà. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ní 1952 ni Táí Ṣólàrín. Orin ìsìn àti àdúrà tí wọ́n fẹ́ kó jẹ́ dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ kò bá èrò rẹ̀ mu, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1956, ó dá Mayflower School sílẹ̀ n'Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ àti oko ríro ti jẹ́ ara ẹ̀kọ́. Inú ọ́fíìsì kan náà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ọkùnrin méjì yìí ti jáde: ọ̀kan lọ kọ ìlànà fún gbogbo agbègbè, èkejì sá fún ìlànà lọ kọ́ ilé tirẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọ̀nà méjèèjì ṣì nìyẹn lónìí fún òbí tí ilé-ìwé ìjọba kò tẹ́ lọ́rùn: kó bá ìjọba fà á, tàbí kó wá ilé-ìwé aládàáni.

Kì í ṣe Ìwọ̀-Oòrùn nìkan ni wọ́n ti dán ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wò. Agbègbè Ìlà-Oòrùn gbìyànjú irú ètò yìí ní 1957, owó sì wọ́n wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá owó ilé-ìwé padà lọ́dún kejì. Kenya fagi lé owó alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2003, àwọn kíláàsì kún bámú. Orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá ṣe tirẹ̀ ní 2006.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ di ti Abẹ́òkúta. Ní 1979, Olóyè Olábísí Ọnàbánjọ wọlé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà lábẹ́ àsíá UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì gòkè dé girama. Ọjọ́ 7 oṣù Keje 1982 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Olúbí Ṣódípọ̀, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, sì ni Gíwá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2001 ni orúkọ rẹ̀ di Olábísí Ọnàbánjọ. Ìpinnu kan ṣoṣo tí ìjọba ṣe láti dá yunifásítì yìí sílẹ̀ sọ Àgọ́-Ìwòyè, Orù àti Ìjẹ̀bú-Igbó di ìlú tí onílé ń kọ́ yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìjẹ̀bú-Igbó náà rí tirẹ̀ gbà lẹ́yìn náà, pólì tí wọ́n fi orúkọ Abraham Adésànyà, ọmọ ìlú náà àti aṣáájú Afẹ́nifẹ́re, pè.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga rọrùn fún gómìnà láti fi ṣe àfihàn: ó ní géètì, ó ní orúkọ, a sì lè gé ríbọ́ọ̀nù níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dá a sílẹ̀ náà ni wọ́n ṣe lè fọwọ́ pa á rẹ́. Ní 2005, ìjọba Gómìnà Gbénga Dáníẹ́lì dá Yunifásítì Táí Ṣólàrín sílẹ̀ n'Íjàgun nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, fún iṣẹ́ olùkọ́ nìkan. Ní 2012, Gómìnà Ìbíkúnlé Amósùn kéde pé òun yóò pa á pọ̀ mọ́ yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Ariwo sọ, ó sì yí ìpinnu náà padà. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gbà á. Láàárín ogún ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ wa ti jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ó ti fẹ́ pòórá, ó sì ti di ti Àbújá.

Ọ̀rọ̀ èdè ló fi bí ìlànà ṣe ń lọ tó ń bọ̀ hàn jù. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní St. Stephen's, Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ lédè Yorùbá, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú iṣẹ́ tó kù. Ohun tí àwọn tó ń yin ìdánwò yìí máa ń gbàgbé ni pé wọ́n kọ ìwé fún un, wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ fún un.

Ìlànà orílẹ̀-èdè ti 1977 gbà kí wọ́n fi èdè agbègbè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fi òǹtẹ̀ lu ìlànà tuntun: kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Adamu Adamu, fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà pé yóò pẹ́ kó tó múlẹ̀, nítorí ìwé àti olùkọ́ kò tíì sí. Ní oṣù Kọkànlá 2025, Mínísítà Túnjí Aláúsá kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó ní àwọn ọmọ tí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ń kùnà nínú ìdánwò àṣekágbá. Ẹ̀rí yìí kò lè gbé ìlànà 2022 ṣubú. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 ti wọ kíláàsì kìíní ní nǹkan bí ọdún 2013. Ìlànà 2022 kò bá a ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rárá.

Kí wá ni olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó ń ṣe láàárín gbogbo èyí? Ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni. Ó ka Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, nígbà tí ojú àwọn ọmọ bá sì ṣì ń ṣe wọ́n bákan, ó bọ́ sínú Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé. Ní Ògùn Waterside, ó lè jẹ́ Ìlàjẹ ni ọmọ mìíràn ń sọ nílé. Olùkọ́ tó mọ èyí ń ṣe ìlànà tirẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ìwé kan tó ràn án lọ́wọ́ láti ṣe é dáadáa.

Ògùn Waterside ni ìdánwò tó le jù. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti 2004 sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan, ó sì ní kí ìpínlẹ̀ mú owó tirẹ̀ wá kó tó gba ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀. Owó yẹn ń kọ́ kíláàsì, ó sì ń ra àga. Kì í mú olùkọ́ gbé ní Mákùn-Omi tàbí Ìwòpin. Àjọ tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1989 fún ẹ̀kọ́ àwọn darandaran ti gba àwọn apẹja tó ń ṣí kiri mọ́ra pẹ̀lú, torí náà Àbújá ti mọ ìṣòro etí omi tipẹ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣèlérí owó-oṣù pàtàkì fún olùkọ́, owó àfikún fún àwọn tí wọ́n bá gbé lọ sí ìgbèríko, àti ìfẹ̀yìntì ní ọmọ ọdún 65 tàbí lẹ́yìn ogójì ọdún iṣẹ́. Òfin jáde ní oṣù Kẹrin 2022. Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Apá tí yóò mú olùkọ́ àgbà pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ di òfin. Apá tí ì bá mú ọ̀dọ́ olùkọ́ gba etí omi kù sẹ́nu.

Àìsàn Kòrónà tún fi àlàfo náà hàn. Ní oṣù Kẹrin 2020, Ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pè ní Ogun DigiClass. Ọgbọ́n tó dára ni fún Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú Ògùn Waterside ti wà nínú òkùnkùn láìsí iná mànàmáná fún ọdún púpọ̀ nígbà náà, tẹlifíṣọ̀n tí kò sí iná kò sì yàtọ̀ sí àpótí. Ètò OgunTeach tí ìjọba Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà fi àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní yunifásítì dí àyè olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó sàn ju kíláàsì tí kò ní olùkọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun ń lọ kò lè gbé ọmọ láti JSS1 dé SS3.

Nǹkan kan dára tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò: ní 2019, Abíọ́dún fagi lé owó 3,700 náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba. Ìdẹ̀ra gidi nìyẹn fún òbí. Ó kan jẹ́ pé irú ìlànà tó rọrùn láti ṣe lọ́jọ́ kan ni, ọmọ ló sì tún kà.

Ohun tó yẹ kí ìjọba Ògùn ṣe kò ṣòro láti sọ. Kí SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀, àti àjọ tó ń gba olùkọ́ girama síṣẹ́ máa tẹ iye olùkọ́ tó wà ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, bí wọ́n ṣe máa ń polówó iye kíláàsì tí wọ́n kọ́. Kí owó àfikún etí omi wọ inú ìwé ìṣúná, kó sì ní ìlà tirẹ̀. Bí ìjọba bá dákẹ́, òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti 2011 wà nílẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti sọ ní 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà nílé-ìwé ìjọba ní Abígi, ní Ìbíàdé tàbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ pe ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin náà, kí ẹ sì béèrè olùkọ́ mélòó ló wà níbẹ̀ fún ìṣirò.