Ọwọ́ Kì í Kúrò Lórí Ẹ́kò

Òde ìsìnkú kan ní Ìbàdàn ni, ní ọdún 2009. Ọmọkùnrin tó ń tẹ synthesizer, dùùrù oníná yẹn, ló yí bọ́tìnnì ẹ́kò rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ní kí orin lè dùn sí i ni. Kó tó yíjú padà, ohùn kan ṣoṣo tó tẹ̀ ti di ogún, ó ti di igba, ló bá bú gbàmù! Àwọn ìyá àgbà ki eré mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi onílù, tó jókòó ti sìpíkà, ló jìyà rẹ̀ jù: títí di òní olónìí ni etí ọ̀tún rẹ̀ ń hó.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kí n là á yékéyéké. Láyé téèpù, ẹ̀rọ ẹ́kò á gba ohùn sórí téèpù. Téèpù á rìn díẹ̀, ohùn á tún jáde. Bí wọ́n bá dá lára èyí tó jáde padà sínú ẹ̀rọ, á máa tún un sọ ni. Bọ́tìnnì yẹn ló ń díwọ̀n ohun tó ń padà. Bí ìdajì bá ń padà, ohùn á máa rẹlẹ̀ títí á fi kú. Bí iye tó wọlé bá ń padà, kò ní í kú mọ́. Bó bá wá lé díẹ̀ péré, ó di owó èlé sogúndogójì nìyẹn!

Ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n lò ni Osbourne Ruddock, tí gbogbo ayé mọ̀ sí King Tubby, ní ìlú Kingston ní Jàmáíkà. Wọ́n bí i ní 1941. Iṣẹ́ títún rédíò ṣe ló ń ṣe. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, á mú orin rẹ́gẹ̀, á yọ ohùn akọrin kúrò, á ju ọ̀rọ̀ kan péré sínú ẹ́kò, á jẹ́ kó máa ga bọ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó bú, á fà á wálẹ̀. Orin dub nìyẹn. Wọ́n pa á ní 1989, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kò kú.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1982, Martin Meissonnier fi synthesizer kún àwo Juju Music tí Sunny Adé ṣe. Lónìí, ta ni kò ní in? Ẹ̀rọ ti pọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ló kù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin, ẹ fi ẹ̀rọ limiter, tí í kó ohùn níjàánu, sáàárín ẹ́kò àti sìpíkà. Síbẹ̀, ẹ má gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń lùlù, àmọ́ kó tó jókòó, á kọ́kọ́ bèèrè pé: “Ta ló wà nídìí ẹ́kò?”