Ìtàn Nọ́ńbà Eyín àti Ààbò Aláìsàn

Ọ̀kan lára àṣìṣe tó burú nínú ìtọ́jú eyín ni kí oníṣègùn yọ eyín tó dá, kí ó fi èyí tó ń dun aláìsàn sílẹ̀. Eyín àgbà tí a bá sì ti yọ kì í hù mọ́. Ìtàn fi hàn pé ọ̀nà tí à ń gbà ka eyín wà lára ohun tó lè fa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1861, Adolf Zsigmondy ti ìlú Vienna pín ẹnu sí ọ̀nà mẹ́rin, ó sì ka eyín ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 8. Ìlà onígun nìkan ló ń tọ́ka sí apá tí eyín wà. Bí a bá fà á sódì, ọ̀tún di òsì. Ní 1968, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gba kíkà láti 1 dé 32. Ní 1971, àjọ àgbáyé FDI gbé ìlànà nọ́ńbà méjì jáde: ti àkọ́kọ́ dúró fún apá ẹnu, èkejì fún eyín gan-an.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tán. Lọ́dọ̀ FDI, 18 ni eyín tó kẹ́yìn lókè lápá ọ̀tún. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, eyín tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ lápá òsì ni. Nítorí náà, ó tọ́ kí a kọ orúkọ eyín ti nọ́ńbà rẹ̀, kí a sì bi aláìsàn léèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àmì tí àwọn tó ń lò ó kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ewu ni.