Bíréèkì Tó Ń Di Mú Lára Alùpùpù Àtijọ́

Bíréèkì tó di mú ni èyí tí kò tú táyà sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó ń gun alùpùpù ti jáwọ́ tàbí gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Alùpùpù á wúwo bí wọ́n bá ń tì í, epo á tètè máa tán, àárín táyà á sì gbóná débi pé ọwọ́ ò ní gbà á. Ooru yẹn ló ń jó ṣúù, òun náà ló ń yọ́ gíríìsì inú bẹ́rìn. Bí bíréèkì iwájú bá sì di pátápátá lórí eré, ó lè dá èèyàn mọ́lẹ̀ lójú títì.

Lára àwọn alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Ọjọ́ta, Kétu àti Máìlì 12 nílùú Èkó ni Honda CG125, tó kọ́kọ́ jáde ní 1976, àti Suzuki AX100 pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà ní àwòrán rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi Kòsọ́fẹ́, níbi tí àwọn àdúgbò yìí wà, kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀kadà kò ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Alùpùpù tí kò ríṣẹ́ ṣe mọ́ á jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìjókòó yẹn gan-an ló sì ń ba bíréèkì jẹ́ ju ìrìn lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Bíréèkì onídírọ̀ọ̀mù, tí Louis Renault ará Faransé ṣe ní 1902, ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Ṣúù méjì ló wà nínú dírọ̀ọ̀mù, káàmù, ìyẹn ọ̀pá kékeré olórí pẹlẹbẹ, sì wà láàárín wọn. Bí a bá fa bíréèkì, kébù á yí káàmù, káàmù á ti ṣúù síta kí wọ́n lè ha dírọ̀ọ̀mù. Ọwọ́ èèyàn tó lágbára ló ń ṣe iṣẹ́ àlọ yìí. Síprìńgì tín-ín-rín méjì péré ló ń ṣe ti àbọ̀. Nítorí náà, alùpùpù lè dúró dáadáa bí a bá fa bíréèkì, síbẹ̀ kó má tú sílẹ̀: ọwọ́ borí ìpẹtà tó bá mú káàmù, síprìńgì ò borí rẹ̀. Ọ̀nà àbọ̀ yìí ló yẹ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó ní kí wọ́n lọ ra ṣúù tuntun.

Wíwá ibi tó ti bàjẹ́

Kí wọ́n gbé alùpùpù sórí sítáǹdì ńlá, kí wọ́n tú kébù tàbí ọ̀pá bíréèkì kúrò lára apá káàmù, kí wọ́n wá fọwọ́ yí táyà. Bó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, dírọ̀ọ̀mù kò lẹ́bi. Kébù, ọwọ́ bíréèkì tàbí pédà ni. Òjò máa ń gba òkè wọ inú kébù, okùn irin inú rẹ̀ á sì dípẹtà. Kí wọ́n gbé e kọ́, kí wọ́n máa kán ọ́ìlì tó ṣàn sí i títí yóò fi jáde nísàlẹ̀. Èyí tí okùn rẹ̀ ti ń já kò ṣeé tọ́jú, ṣe ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Pédà ẹ̀yìn náà máa ń dì nígbà tí ẹrẹ̀ bá gbẹ mọ́ ibi tó ti ń yí.

Bí táyà kò bá tú síbẹ̀, inú dírọ̀ọ̀mù ni kí wọ́n lọ. Káàmù tó ti dípẹtà nínú ihò rẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi sán-pépà fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Díẹ̀ ni mo wí, torí gíríìsì tó bá kan ṣúù ti pa bíréèkì náà. Ṣúù tó ti jẹ tán náà ń fa ìṣòro yìí, torí káàmù á yí kọjá ààlà, kò sì ní lè padà.

Omi odò Ògùn tó máa ń ya wọ Agíliti àti ẹ̀yìn Máìlì 12 lè lẹ ṣúù mọ́ dírọ̀ọ̀mù. Kí ẹnikẹ́ni má fi agbára ẹ́ńjìnnì já a. Òòlù onírọ́bà ni kí wọ́n fi rọra gbá dírọ̀ọ̀mù yí ká. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ ṣúù àtijọ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Ohun kan wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: bí wọ́n bá fa táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn láti mú ṣéènì le, ọ̀pá bíréèkì náà á le, bíréèkì á sì máa ha. Kí wọ́n tún un dẹ̀.

Bíréèkì onídísìkì

Honda CB750 ti 1969 ló sọ irú èyí di gbajúmọ̀. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, omi yẹn á sì mú písítìn, ìyẹn èyí tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì, dípẹtà. Bí wọ́n bá tú níǹpù tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ tí táyà sì tú sílẹ̀, róbà ọ́ìlì tó ti wú nínú tàbí páńpù òkè ló há ọ́ìlì mọ́. Bí kò bá tú, písítìn ló dì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, torí ó ń wú róbà.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ẹni tó nílò ẹ̀yà ara alùpùpù lè wò ó ní Owódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Nnewi ní ìpínlẹ̀ Anambra sì ni ọjà rẹ̀ tó lókìkí jù. Lórí CG125, ọwọ́ bíréèkì iwájú gbọ́dọ̀ rìn ní nǹkan bíi mílímítà 20 sí 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú, bẹ́ẹ̀ náà ni pédà ẹ̀yìn. Kí wọ́n wá gùn ún díẹ̀ láìfa bíréèkì, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan àárín táyà méjèèjì. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì lọ ṣì ń di mú.