Ìwádìí Ilé Tó Wó ní Ìkòtún
Bí ilé bá ń rì lórí ilẹ̀ amọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ ìpìlẹ̀ ni àwọn olùwádìí máa ń wò, kí wọ́n lè mọ irú igi tí gbòǹgbò rẹ̀ fa omi ilẹ̀ gbẹ. Ní Ìkòtún, Alímòṣọ́, òkè ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ilé àlejò ìjọ Synagogue wó ní ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, 2014. Ènìyàn 116 kú. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ló pọ̀ jù. Ìjọ náà fura sí ọkọ̀ òfuurufú kan. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ òpó àti ìpìlẹ̀ ló yẹ kó ṣíwájú. Ní oṣù keje, 2015, adájọ́ tó wádìí ikú wọn ní àléébù ìkọ́lé ló wó ilé náà, àti pé kò ní ìwé àṣẹ.