Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ nínú àjọṣe Nàìjíríà pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀

Mowe àti Ibafo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lójú òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ifọ̀ wà níwọ̀ oòrùn wọn, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá orílẹ̀-èdè mìíràn pààlà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èbúté Èkó tí wọ́n wà, tí ibodè Bẹ̀nẹ̀ kò sì jìnnà sí wọn, mú kí ọ̀rọ̀ Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Niger kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n.

Gáàsì ló fi èyí hàn jù. Ìtokì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ni ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti so mọ́ ọ̀pá tó ń gbé gáàsì bọ̀ láti Escravos ní Niger Delta. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Àgbádárìgì bọ́ sínú òkun, ó yà sí Kútọnu, Lomé àti Tema, ó sì parí sí Takoradi ní Gánà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678. Ọdún 2003 ni àwọn olórí Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé gáàsì lè wá oníbàárà mìíràn lọ bí ìjà bá dé. Ọ̀pá tí a ti rì mọ́lẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ti di ara wọn mú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn ajalèlókun fi ìdákọ̀ró ba ọ̀pá náà jẹ́ nítòsí Lomé, gáàsì sì dá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, gbèsè tí Gánà jẹ ló ń dá a dúró. Ó dùn mí pé ariwo jẹnẹrétọ̀ kò tíì tán láwọn àdúgbò tó yí orísun ọ̀pá yìí ká.

Ti ibodè yàtọ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, 1889, Britain àti Faransé fi ìlà gígùn là ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀ oòrùn: Kétu àti Ṣakẹ́tẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìláró bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ̀wé jinlẹ̀ lórí ìpínyà yìí. Kò sí òkè gíga níbẹ̀. Oko àti igbó ló pọ̀ jù, nítorí náà ìbátan àti òwò kò dá, bẹ́ẹ̀ náà ni fàyàwọ́. Láyé òyìnbó, rélùwéè kan yà ní Ifọ̀, ó gba Ìláró lọ sí Ìdógò, ó ń kó irè oko wá sí Èkó. Lónìí, ìrẹsì àti tòkunbọ̀ tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu, ọjà Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ. Ìdí nìyí tí Bẹ̀nẹ̀ fi jìyà nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn, ṣùgbọ́n ibodè Ìdí-Ìrókò dúró di 2022. Ní tèmi, ìyẹn pẹ́ jù fún àwọn ará ibodè.

Òpópónà tó gba Mowe àti Ibafo kọjá jẹ́ ara ọ̀nà Èkó sí Algiers, tó gba Niger la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Niger kò ní òkun, èbúté aládùúgbò ló gbójú lé. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba níbẹ̀ ní 2023, ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ibodè mọ́ ọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Síbẹ̀, etíkun Bẹ̀nẹ̀ ni epo rọ̀bì Niger ń gba ọ̀pá lọ.