Òmìnira láti jiyàn lórí ẹ̀sìn ní Nàìjíríà

Òmìnira yìí ni ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní láti bèèrè ìdí ohun tí ẹ̀sìn ń wí, láti ṣiyèméjì, tàbí láti sọ ní gbangba pé òun kò ṣe ẹ̀sìn kankan. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 dá ẹ̀rí ọkàn sí, títí kan ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀sìn padà. Abala 39 dá ọ̀rọ̀ sísọ sí. Síbẹ̀, abala 204 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀, lè sọ ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tàbùkù ẹ̀sìn ẹlòmíràn sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì.

Iyèméjì kò bá òyìnbó wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó ní "Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi" ti gbé òrìṣà lé òṣùwọ̀n tipẹ́. Ṣùgbọ́n Táí Ṣólàrín (1922–1994), ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ojú gbangba. Awuyewuye lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wà lára ohun tó mú un fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Mólúsì, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọn kì í ti gbàdúrà àárọ̀ nígbà náà. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí sì ń kó ọmọ lọ bá a, nítorí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ múná. Ní ọjọ́ ọdún tuntun 1964, tí oníkálukú ń tọrọ ọ̀nà tó tẹ́jú, Ṣólàrín ní tirẹ̀ kí àwọn òǹkàwé Daily Times pé kí ọ̀nà wọn le!

Àríyànjiyàn ẹ̀sìn tún dé bá FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí Festac Town ní Èkó gba orúkọ rẹ̀, tó wáyé ní oṣù kìíní sí oṣù kejì ọdún 1977. Àwọn Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí kan pè é ní ìbọ̀rìṣà, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Ní ọjà Trade Fair tó wà nítòsí Festac Town lónìí, àdúrà ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Aláìgbàgbọ́ tó bá ń tajà níbẹ̀ kò bẹ̀rù ọlọ́pàá tó oníbàárà: ta ni yóò ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní kèfèrí?

Ní Àríwá, ìjìyà náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mú Mubarak Bala, ààrẹ ẹgbẹ́ Humanist Association of Nigeria, ní Kàdúná ní oṣù kẹrin ọdún 2020 nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ilé-ẹjọ́ Kánò sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 24 ní 2022. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in sí ọdún 5 ní 2024. Ó ti jáde báyìí.