Obìnrin Tó Fi Abẹ́rẹ́ Ìránṣọ Wá Oúnjẹ Iṣan

Ìtàn yìí kò ní iwin, kò ní ẹbọra. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ní ọdún 1940, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń jó ayé, obìnrin kan ní ìlú Turin, ní ilẹ̀ Ítálì, wọ inú iyàrá tó ń sùn sí, ó pọ́n abẹ́rẹ́ ìránṣọ títí ó fi mú, ó sì fi í ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ adìyẹ tó ṣì wà nínú ẹyin.

Rita Levi-Montalcini ni orúkọ rẹ̀. Dókítà ni, Júù sì ni. Òfin tí Mussolini ṣe ní 1938 ti ilẹ̀kùn yunifásítì mọ́ àwọn Júù. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ó jókòó sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kó ilé ìwádìí wọ inú ilé náà.

Kí ló ń wá nínú ẹyin? Ohun tó ń wá wà lára èmi àti ẹ̀yin. Nígbà tí ọlẹ̀ inú ìyá bá wọ ọ̀sẹ̀ kẹta, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọnú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún á dìde, ẹ̀gbẹ́ òsì á dìde, wọ́n á pàdé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra di ihò gbọọrọ kan. Nígbà tó bá fi máa tó nǹkan bí ọjọ́ 28, orí àti ìdí ihò náà ti dí. Apá orí á wú, á di ọpọlọ. Ìyókù á di mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún nígbà tí iṣẹ́ ńlá yìí ti parí! Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á yà kúrò lẹ́bàá ihò náà, wọ́n á kóra jọ di kókó kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn: àwọn ló ń gbé ìrora, ooru àti òtútù lọ fún ọpọlọ. Láti ọ̀pá ẹ̀yìn ni iṣan ti ń jáde ní méjì méjì, ọ̀nà 31, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ọwọ́ iṣu ṣe ń wá ọ̀pá lóko, bẹ́ẹ̀ ni okùn iṣan kọ̀ọ̀kan ń wá ibi tí yóò dì mú.

Bí kò bá wá rí i ńkọ́?

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Viktor Hamburger, ti gé èéhù apá lára ọlẹ̀ adìyẹ, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì iṣan tó yẹ kó lọ síbẹ̀ kéré níye. Ó ní apá ló máa ń pe sẹ́ẹ̀lì láti di iṣan. Rita ka ìwé rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ń kó ẹran, ó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri oko láti ra ẹyin, ó ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé ti àwọn ọmọ òun ni, bẹ́ẹ̀ kò bímọ kankan. Tó bá ti yọ ọlẹ̀ tán, á fi ìyókù ẹyin dín oúnjẹ. Ọjọ́ tí Gino ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ibi tí ẹyin náà ti ń wá ló kọ oúnjẹ náà. Giuseppe Levi, ọ̀gá tó kọ́ ọ ní yunifásítì, tí òfin kan náà lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wá di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí bọ́ǹbù bá ń bọ̀, Rita á gbé maikirosikóòpù rẹ̀ mọ́ àyà, á sá wọ àjà ilẹ̀.

Ohun tó rí ya Hamburger fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dá pé, wọ́n na okùn wọn jáde, wọ́n dé ibi tó yẹ kí apá wà, wọn kò bá nǹkan kan, wọ́n sì kú. Ebi ló pa wọ́n! Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni àgbàyanu ìtàn náà wà, kì í ṣe nínú ẹ̀bùn Nobel tó tẹ̀lé e. Àní nínú ọlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, nǹkan bí ìdajì sẹ́ẹ̀lì tó ń darí ẹsẹ̀ adìyẹ ló máa ń kú kí ẹyin tó pa.

Ìwé ìròyìn Ítálì kò gbọdọ̀ tẹ iṣẹ́ Júù, nítorí náà Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti tẹ tirẹ̀. Ní 1943, Jámánì wọ Ítálì. Rita àti ẹbí rẹ̀ sá lọ fara pamọ́ sí Florence. Lẹ́yìn ogun, ní 1947, Hamburger pè é sí ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà fún oṣù díẹ̀. Ó lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ wo ni iṣan ń jẹ? Rita fura pé ó wà nínú jẹjẹrẹ kan. Ní 1952, ó fi èkúté méjì tó ní kókó jẹjẹrẹ sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó wọ bàálù, ó di Rio de Janeiro. Níbẹ̀, nílé ìwádìí Hertha Meyer, ó gbé jẹjẹrẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó iṣan nínú àwo dígí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, okùn iṣan ti hù yí kókó iṣan náà ká! Stanley Cohen bá a wá ohun náà dé inú oró ejò àti ibi tí itọ́ ti ń sun lẹ́nu èkúté: purotéènì ni. Wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Rita kú ní 2012, ó pé ọdún 103.

Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn tí wọ́n fi purotéènì náà ṣe. Ojú tí iṣan rẹ̀ ti bà jẹ́ ni wọ́n ń kán an sí.